Bí Mo Ṣe Kú ní Gbọ̀ngàn Ìmọ́lẹ̀

Kò sí ẹni tó ti kú tó mi ní gbogbo Kábà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó jáde síta kó wá ka tirẹ̀. Mo ti kú ikú idà, mo ti kú ikú májèlé. Mo ti jábọ́ látorí ẹṣin tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó kékeré ti fi ìrọ̀rí pa mí ní Iffe nílẹ̀ Okun wa níbí, àwọn ìjòyè mi sì ti lé mi wọgbó ní Ekinrin-Adde tí ẹkùn pa mí jẹ. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí mo kú tí n kò jí kí èrò ìwòran tó dìde lórí àga.

Philip ni orúkọ mi. Fọkanáísà ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Lọ́kọ́jà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè Philip níbẹ̀ lè má rí mi. Kábíyèsí ni kó béèrè. Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú kirikiri ni mo ti ń ṣe ọba nínú Ẹgbẹ́ Òṣèré Ìmọ́lẹ̀. Bí mo bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kadà á máa kígbe kí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá, "Okun o, Kábíyèsí!" Èmi náà á gbé sípánà sókè dá wọn lóhùn, nítorí ìrùkẹ̀rẹ̀ mi wà nínú àpótí ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíjí yẹn, àwa kọ́ la dá a sílẹ̀. Àwọn ará Iffe ni. Lọ́dún tí wọ́n fi ìrọ̀rí pa mí, mo kú tán, a fa aṣọ ojú ìtàgé, a ní eré ti parí, ẹ máa lọ sílé. Wọn ò lọ. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní òun ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná wá wo eré, kí òun tún wá gbé òkú ọba lọ́kàn padà sílé. Gbogbo ilé bá figbe ta: "A ò gbà! Ẹ jí i!" Yàsírù, olórí ẹgbẹ́ wa, yọrí sí mi lẹ́yìn aṣọ. Ó ní, "Philip, dìde jàre, kí wọ́n má lọ fọ́ àga onílé mọ́ wa lọ́rùn." Mo dìde, mo jó yípo, wọ́n pàtẹ́wọ́, kálukú gbalé ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin. Níbikíbi tá a bá ti ṣeré nílẹ̀ Okun, bí mo bá ti kú, èrò á ní, "A ò gbà!" èmi náà á sì jí. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọ́n á sùn látìbẹ̀rẹ̀ eré, ìyá wọn á wá ta wọ́n jí pé, "Dìde, Kábíyèsí ti kú, ó ti fẹ́ jí."

Ìyàwó mi nìkan ni kò rí i rí. Florence ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Bí mo bá ní kó wá wo eré, á ní, "Ọba tí mò ń fọ ṣòkòtò rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ lọ wò lára rẹ̀?" Ó wá ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Thomas, àgbẹ̀ oníkajú ní Ògìdì. Nígbà tí mo lọ tọrọ Florence, Thomas bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń lẹ táyà, mo sì ń ṣeré orí ìtàgé. Ó ní, "Ti táyà, mo gbọ́. Ìkejì yẹn, ṣé iṣẹ́ ni àbí àìsàn?" Títí dòní olónìí, bó bá rí mi, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ara ti yá?"

Ẹ wò ó, ohun tí mò ń wá láyé kò pọ̀. Kí Florence àti Thomas jókòó pọ̀ lórí àga, kí wọ́n rí mi pẹ̀lú adé lórí, kí wọ́n gbọ́ bí èèyàn ṣe ń pariwo orúkọ mi, kí n tó di arúgbó tí ọrùn rẹ̀ ò lè gbé adé mọ́. Ìyẹn náà ni.

Ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn Ìmọ́lẹ̀ tí a ti ń ṣeré kì í ṣe ibi téèyàn ń pe àna rẹ̀ sí. Lẹ́nu ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ. Iná kì í sí, jẹnẹrétọ̀ wa sì máa ń pariwo ju òṣèré lọ. Bí òjò bá dé, àwọn òǹwòran á máa sún láti àga dé àga títí gbogbo wọn á fi kó jọ sí igun kan. Nígbà tí fóònù wá dé tí oníkálukú ń wo fíìmù lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àga wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ó wá di pé ewúrẹ́ Ìyá Rejoice, aládùúgbò gbọ̀ngàn, ló máa ń tètè dé ibi eré jù, òun ló sì máa ń gbẹ̀yìn lọ.

Bí Yàsírù ṣe dé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan nìyẹn, ó ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ lu itan. Ó ní, "Philip, Ọlọ́run ti dáhùn. Yunifásítì fẹ́ bá wa dòwò pọ̀."

"Òwò kí ni?"

"Òwò eré! Wọ́n á kan òrùlé wa, wọ́n á gbé iná tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn á máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwa náà á máa kọ́ tiwọn. Eré kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ká jọ ṣe, káwọn àgbààgbà wọn wá wò ó. Bó bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á buwọ́ lùwé. Bí kò bá dùn mọ́ wọn, wọ́n ní ìlú mìíràn wà lójú ọ̀nà."

Ẹni tí wọ́n rán sí wa ni Dókítà Tabitha Lájídé, ọmọ Mopa. Obìnrin náà kúrú, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó ń ra ẹ̀wà lójú títì á wẹ̀yìn. Ó tò wá sórí ìlà, ó ń wò wá níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ó wò mí láti iwájú, ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ọba mi. Irú ojú yìí ni mo ti ń wá kiri."

Ẹ ò rí i bí? Ojú mi! N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo pe Thomas lórí fóònù. Mo ní kó kó gbogbo ilé rẹ̀ wá o, pé èmi ni ọba, pé iná yunifásítì ló máa tàn sí mi lójú. Thomas ní, "Ó ti wá wọ egungun nìyẹn." Ṣùgbọ́n ó ní òun á wá. Florence náà ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti ń bọ̀, òun ò lè jẹ́ kó dá nìkan jókòó láàárín àwọn aláìníṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti sọ fún gbogbo ọlọ́kadà, mo sọ fún alákàrà, mo sọ fún ladani tó ń pe ìrun. Gbogbo Kábà ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pín ìwé eré. Mo ṣí i, mò ń wá ibi tí ọba ti sọ̀rọ̀. Mo ṣí títí mo fi kan páálí ẹ̀yìn. Olóyè sọ̀rọ̀. Ọmọ ọba sọ̀rọ̀. Àlejò tó wá ra iṣu pàápàá sọ̀rọ̀ títí ó fi kọrin.

Mo ní, "Dókítà, ojú ewé wo ni èmi ti máa lanu?"

"Ẹ ò ní lanu, bàbá. Ẹ ti wàjà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkú yín ni wọ́n ti ń du ìtẹ́."

"Ó dáa. Ìgbà wo ni mo máa wá jí?"

"Ẹ ò ní jí."

Yàsírù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Mo rọra ṣàlàyé fún un, mo ní, "Dókítà, níbí yìí, mo máa ń jí."

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Nínú eré tèmi, ẹ kú ni. Ikú pátápátá."

Ikú pátápátá! Bí ẹni ń bá alápatà ná ẹran. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ǹ bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un kí n máa lọ, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa wí fún Thomas? Kí n ní wọ́n ti gba adé lórí mi kí n tó dé e? Yàsírù fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ẹ́, Philip. Bó o bá dìde lọ́jọ́ náà, òrùlé wa ò ní dìde mọ́ láéláé. Búra pé o ò ní dìde." Mo búra. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló búra, ẹsẹ̀ mi ò bá a dá sí i. Nínú ọkàn mi, mo ti pinnu: kí èrò ṣáà ní "A ò gbà" lẹ́ẹ̀kan, màá dìde, màá jó yípo, kí Thomas rí mi, lẹ́yìn náà màá tún kú padà. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, iṣẹ́ ni kéèyàn kú. Ní ti ikú mi àtijọ́, mo máa ń ṣubú, mo máa ń tẹ́ ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta wọ́n á ti ní kí n jí. Dókítà Tabitha ní kí n máa fi ikùn mí, kí àyà má gbéra. Eṣinṣin á bà lé mi nímú, n kò gbọdọ̀ lé e. Ọmọ tó ń ṣe ọmọ ọba tó fẹ́ gorí ìtẹ́, Praise, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ tó níwà. Á wá bá mi lẹ́yìn ìdánrawò, á ní, "Bàbá, ẹ kú dáadáa lónìí o." Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n gbá a létí.

Èyí tó ń ṣe ọmọbìnrin mi ni Rùmáísà, ọmọ Kábà níbí, ilé wọn ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Òun ló máa ń wá sunkún mi níparí. N kò gbọ́ ẹkún náà rí. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, oorun á ti gbé mi lọ. Àwọn tó wà níta tiẹ̀ ní ìhanrun mi làwọn fi ń mọ̀ pé eré ti ń parí.

Ọjọ́ pé. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun alásárì. Èrò yìí, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n wá láti Iffe, wọ́n wá láti Ekinrin-Adde, àwọn ará Ògìdì kún bọ́ọ̀sì. Àga kún, wọ́n jókòó sórí fèrèsé. Àwọn àgbààgbà yunifásítì jókòó níwájú nínú kóòtù. Thomas wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú fìlà rẹ̀, Florence sì jókòó tì í, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó ń retí dókítà. Wọ́n fi aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú bò mí dé àyà, irú èyí tí wọ́n fi ń bu ọlá fún àgbà tó bá kú, wọ́n gbé adé tì mí lórí. Wọ́n ṣí aṣọ ojú ìtàgé, iná yunifásítì sì là sí mi lójú.

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Okun o, Kábíyèsí!"

Gbogbo ilé gbà á: "Okun o!"

Kí wọ́n kí èèyàn nílẹ̀ wa kó má dáhùn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo há eyín mi, mo gbé e mì. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, "Ó ti kú báyìí? A ò tíì ra gúgúrú!"

Praise wọlé. Ó nawọ́ sí ìtẹ́, ó ní, "Èmi ni ìtẹ́ yìí tọ́ sí." Ẹnì kan dá a lóhùn lójú fèrèsé: "Ta ni ẹ́? Onílé ń sinmi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Praise jókòó sórí ìtẹ́ bí ìwé ṣe wí, gbogbo ilé bá ké pé, "Dìde níbẹ̀!" Ọmọ náà dìde lóòótọ́! Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Olóyè ní, "Ọba ti wàjà." Wọ́n ní, "Irọ́ ni!" Olóyè wò wọ́n, ó wo òkú, kò mọ èyí tí òun ì bá bẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn. Gbogbo ìyẹn, nítorí mi ni, Thomas sì ń gbọ́.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní, "A ò gbà!" Ẹlòmíràn gbà á. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. "A ò gbà! Ẹ jí i! A ò gbà!" Mo la ojú kan díẹ̀. Thomas ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Thomas ti Ògìdì! Mo ní nínú ara mi, Philip, àsìkò tó. Mo ká orúnkún ọ̀tún sókè lábẹ́ aṣọ.

Wọ́n rí aṣọ tó gbéra. Ariwo tó sọ, ó ku díẹ̀ kí ìyókù páànù òrùlé náà wá sílẹ̀. Mo rí Dókítà Tabitha létí ìtàgé tó ká ọwọ́ lérí. Mo rí Yàsírù, ó ń ka tẹ̀sùbáà, n kò mọ̀ bóyá àdúrà ló ń gbà tàbí ó ń ṣépè fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn oníkóòtù ti dé bíírò rẹ̀, ó fi í sápò. Praise bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀.

Nígbà náà ni Rùmáísà jáde. Kò sáré. Ó rìn wá wẹ́rẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó kọjú sí èrò, ó ní, "Ẹ ní ẹ ò gbà. Èmi náà ò gbà. Ṣùgbọ́n ká tó jí i, ta ló mọ bàbá mi nínú yín? Kí ló ṣe fún yín?"

Nínú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti fi pa mọ́ sáàárín èrò ló yẹ kó dáhùn, kí wọ́n sọ bí ọba ṣe ṣẹ́gun ọ̀tá àti bó ṣe gbẹ́ kànga. Wọn ò ráyè dìde. James ọlọ́kadà ti nàró. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n!"

Ọba inú eré kọ́ ló ń sọ o. Èmi ni! Ó ní, "Ọ̀sán ọjọ́ Kérésìmesì ni táyà mi bẹ́, èrò wà lẹ́yìn mi. Ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó bú mi o. Ó bú bàbá mi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó lẹ̀ ẹ́." Ó jókòó, ó ń fọn ikun.

Ìyá Rejoice dìde. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló máa ń lẹ ewúrẹ́ mi lókò. Bàbá yìí ò lẹ̀ ẹ́ lókò rí. Ọ̀rọ̀ ló máa ń bá a sọ. Á ní, 'Ìwọ náà jókòó, eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.'" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà rọ̀.

Mo ṣì fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀ nígbà tí Thomas dìde. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. N kò fẹ́ kó fẹ́ àbúrò mi. Mo ní aláìsàn ni." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí bàbá wa kú, ìbànújẹ́ gba ilé wa kan. Àwọn ọmọ ò jẹun. Ọkùnrin yìí wá sí Ògìdì, ó dé igbá lórí, ó ní adé ni, ó ń ṣe ọba kiri àgbàlá títí àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà wọ yàrá lọ, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ni. N kò sọ fún un." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó jókòó.

Mo rọra gbé ìgbọ̀nwọ́ mi sílẹ̀. Mo na orúnkún mi. N kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí òrùlé, kì í sì ṣe nítorí ìbúra. Mo fẹ́ gbọ́ tán ni. Gbogbo ikú tí mo ti ń kú láti ọjọ́ yìí wá, mo máa ń yára jí jù. N kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òkú rí.

Mo wá gbọ́ ìró orúnkún kan tó dún kọ́. Kò sí ibi tí mo wà láyé yìí tí n kò ní mọ orúnkún yẹn. Florence ti dìde.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n jókòó." Ohùn tíṣà ni, gbogbo ilé gún régé. "Ọkọ mi ni. Kò mọ orin kọ, ó sì rò pé òun mọ̀ ọ́n kọ. Ó ń hanrun. Ọwọ́ tó fi mú táyà ló fi ń mú búrẹ́dì." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ó yẹ kí n tún ká orúnkún. "Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, ó máa ń ṣáájú mi jí. Á gbé omi kaná, á dà á sínú bókẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá jáde, á ní òun ti wẹ̀, pé omi ló ṣẹ́kù, kí n má jẹ́ kó ṣòfò. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀, kò sí ọyẹ́ tí omi yẹn ò ṣẹ́kù. Ara tirẹ̀ máa ń gbẹ, eérú á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ní òun ti wẹ̀. Ó rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. N kò dúpẹ́ rí, torí bí mo bá dúpẹ́, a ò ní gbádùn lọ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Philip, o ṣeun. O ṣeun o."

Omi jáde lójú mi. N kò lè nù ún. Ó ń ṣàn lọ sínú etí mi, iná yunifásítì sì ń tàn sí i gbòò. Òkú ń sunkún! Praise ló kó mi yọ. Kò sí nínú ìwé o, orí ara rẹ̀ ló lò: ó fa aṣọ pupa náà bò mí lójú, ó yíjú sí èrò, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá sùn."

Mo ń retí "A ò gbà." Kò dé. Ìyá àgbà kan ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "Sùn re, Kábíyèsí." Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fa ikun símú lọ́tùn-ún lósì. Rùmáísà wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún rẹ̀, ní ohùn Owé gan-an, èdè àwa ará Kábà, bí àwọn ìyá wa ṣe ń sun ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. N kò ní tún un sọ níbí. Tèmi ni.

Nígbà tí wọ́n fa aṣọ pa, tí gbogbo òṣèré ń lọ tẹríba fún èrò, n kò dìde. Yàsírù sáré wá, ó ń mì mí jìgìjìgì. "Philip! Philip o! Yéè, Dókítà ti pa á lóòótọ́!"

Mo ní lábẹ́ aṣọ, "Ṣé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán?" Ó fi tẹ̀sùbáà nà mí.

Lórí ìtẹ́ mi ni wọ́n tẹ́ ìwé lé tí wọ́n fi buwọ́ lù ú. Oníkóòtù tó ti dé bíírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bi Dókítà Tabitha léèrè bó ṣe kọ́ àwọn òǹwòran débi tí wọ́n fi lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní, "Sà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni." Ọjọ́ náà ni mo gbà pé òṣèré ni obìnrin yẹn.

Bá a ṣe délé, Florence ń tú gèlè rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Florence, ohun tó o sọ yẹn..."

"Òkú ni mo bá sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Kì í ṣe ìwọ."

"Ṣùgbọ́n..."

"Philip, ọyẹ́ mú. Mo fẹ́ wẹ̀."

Mo lọ gbé omi kaná. Nígbà tó gbóná, mo dà á sínú bókẹ́ẹ̀tì, mo pè é. Mo ní, "Mo ti wẹ̀ o! Omi ló ṣẹ́kù, má jẹ́ kó ṣòfò." Ó ní òun gbọ́. Ó kọjá lára mi, ó wo eérú lẹ́sẹ̀ mi, ó gbé omi náà wọ ilé ìwẹ̀ lọ.

Òrùlé ti wà báyìí. Bí òjò bá ń rọ̀, à ń gbọ́ ọ, kì í kàn wá mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lóṣooṣù, àwọn ọmọ Kábà náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn sì ń tò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè ríbi jókòó. Ewúrẹ́ Ìyá Rejoice ò ráyè wọlé mọ́. Thomas ń wá láti Ògìdì pẹ̀lú kajú yíyan lápò. Bó bá ti rí mi, á ní, "Ṣé ara ti yá?" Èmi náà á ní, "Kò tíì yá o, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà Tabitha gbé eré tuntun dé. Ó ní nítorí ohun tí mo ṣe fún ẹgbẹ́, èmi ni kí n kọ́kọ́ mú ipò tó bá wù mí. Ó ní ọba kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń jó, ó ń kọrin, kò sí ẹni tó ń pa á. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Praise ti gbé adé dání, ó ti ń fi apá aṣọ nù ún fún mi. Florence jókòó lórí àga ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó ti máa ń jókòó báyìí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ní, "Dókítà, ẹ tún pa mí. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n má kánjú jí mi."